Bàbá Mai Taswira àti Ilẹ̀ Ẹ̀yìn Ilé Wa

Ní ilé bàbá mi àgbà ní Zawan, nítòsí Jos, ẹnikẹ́ni kì í jẹun lórí tábìlì oúnjẹ. Tábìlì náà wà o, igi gidi ni, ó fẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró dáadáa, ṣùgbọ́n máàpù ló gba orí rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Àwa ọmọ-ọmọ á gbé àwo lé itan. Àlejò á gbé tirẹ̀ lé itan. Pásítọ̀ pàápàá, tó bá wá gbàdúrà, itan náà ni. Ìyá àgbà ti jà sí i títí, ó rẹ̀ ẹ́. "Tíṣà ni wọ́n ní kí n fẹ́, ìwé ló fẹ́ mi," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí fún àlejò tó bá ń wá ibi gbé ife lé. Bàbá kò ní í gbé ojú sókè. Á ní, "Oúnjẹ tá a jẹ láàárọ̀, ta ló rántí ẹ̀? Ilẹ̀ tá a tẹ̀ mọ́lẹ̀ ló yẹ ká rántí."

Ezekiel Ajíbóyè lorúkọ rẹ̀, ọmọ Èkìtì, tíṣà jọ́gíráfì. Lẹ́yìn òmìnira ni wọ́n gbé e wá sí Plateau láti máa kọ́ni ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ó ní òun ò ní í pẹ́. Níbẹ̀ ló bímọ sí, níbẹ̀ ló fẹ̀yìn tì sí, ibẹ̀ náà ló kú sí. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní Baba Mai Taswira, torí taswira ni Hausa ń pe máàpù. N kò ní í ka ìtàn ayé rẹ̀ níbí. Wọ́n ti kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó gùn, àwọn kan sì sùn. Irú èèyàn tó jẹ́ ni mo fẹ́ sọ, àti ọ̀rọ̀ máàpù kan tó ba àárín òun àti Ọ́ńkù Kọ́lá jẹ́, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí. Ní gbogbo ìgbà tí ara bàbá kò yá, ohun tó ń já wa láyà ni pé yóò lọ kí àwọn méjèèjì tó bára wọn sọ̀rọ̀.

Máàpù tó ń wá kì í ṣe irú èyí tá à ń wò lórí fóònù. Máàpù ilẹ̀ àtijọ́ ni, èyí tí àwọn òyìnbó yà nígbà tí wọ́n ń wa kùsà kiri ilẹ̀ Jos. Odò, òkè, ọ̀nà ẹsẹ̀, ààlà oko, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ibi tó ti ń rí wọn ló ń yani lẹ́nu. Mo kéré lọ́jọ́ tá a jọ lọ sọ́jà Bukuru tí ìyá kan wé ẹ̀pà sísun nínú ìwé, tó nà án sí wa. Bàbá tú ìwé náà, ó da ẹ̀pà sínú àpò ẹ̀wù mi, ó gbé ìwé sókè sí oòrùn, ló bá figbe ta: "Haba, Hajiya! Ina kika samu wannan?" Níbo lo ti rí èyí? Ìyá náà rò pé ẹ̀pà ló bàjẹ́. Ó ní ọmọ òun ló kó ìwé náà wá láti ibi tí wọ́n ti ń kó ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ kan jáde, wọ́n fẹ́ jó o. Bàbá ra gbogbo ẹ̀pà tó ti wé àti èyí tí kò tíì wé, ó ní kó fi ìyókù ìwé ṣe èènì. A jẹ ẹ̀pà títí ó fi sú wa nílé. Ìyá àgbà bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ máa jẹ ẹ̀pà yín. Èmi, ọ̀nà odò ni mo rà."

Kò kàn ń kó wọn jọ ṣá. Ìtàn ìlú ló ń fi wọ́n wá, ta ló gbé ibí, ta ló dá oko síbẹ̀, kí ló dé tí wọn ò sí níbẹ̀ mọ́. Tó bá rí ohun tó fẹ́ mọ̀ dájú, á wọ súwẹ́tà rẹ̀, á ká máàpù sínú ọ̀pá rọ́bà oníhò kan, ó di ibẹ̀. Á wá ẹni tó dàgbà jù ládùúgbò, á kí i kíkí tó gùn, wọ́n á jókòó. Níbo làwọn bàbá yín gbé? Níbo ni wọ́n ti ń pọnmi? Ní gbogbo àsìkò yìí, máàpù ṣì wà nínú ọ̀pá rẹ̀. Ìgbà tí àgbà náà bá sọ̀rọ̀ tán ni yóò tó tẹ́ ẹ sílẹ̀, tí yóò fi òkúta tẹ igun rẹ̀, tí yóò máa yí i títí ìwé àti ilẹ̀ á fi kọjú síbì kan náà. Bí ìwé àti àgbà bá fẹnu kò, kò tíì tán o. Á tún máa wá ọrọ́ kiri, igi ẹlẹ́gùn-ún olómi funfun tí àwọn Bẹ́rọ̀m, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, fi ń ṣe ọgbà yí ilé wọn ká. Ilé amọ̀ á wó, á di ilẹ̀pa, ọrọ́ á ṣì dúró síbi tí wọ́n gbìn ín sí.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan wá bá a lẹ́ẹ̀kan pé kó ran àwọn lọ́wọ́. Wọ́n ti lọ sí abúlé kan lápá Kuru, wọ́n tẹ́ máàpù síwájú baba arúgbó kan, wọ́n ń nàka, baba ń mi orí sí gbogbo rẹ̀. Inú wọn dùn pé iṣẹ́ ti parí. Bàbá ní kí wọ́n padà lọ, kí wọ́n fi máàpù sílé, kí wọ́n lọ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń kùn pé ọ̀nà jìn. "Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fi ìwé han àgbà," bàbá dá a lóhùn, "ohun tó wà nínú ìwé náà ló máa sọ padà fún yín."

Àmọ́ ẹ má tìtorí èyí rò pé ó mọ̀nà o! Ẹni tó lè tọ́ka ibi tí abúlé wà kí wọ́n tó bí i, tá a bá fi í sílẹ̀ ní Terminus láàárín ìgboro, ó sọnù. Á ní kí ọlọ́kadà yà níbi búkà tí wọ́n ti wó tipẹ́, á ní kó dúró lábẹ́ igi tí kò sí mọ́. Ìyá àgbà kì í jẹ́ kó dá lọ. Lọ́jọ́ kan tá a wá a títí, ìdí ilé ìtajà fóònù la bá a, ó ń wo òkè àjà, inú ń bí i. Mo ní, "Bàbá, ẹ sọnù ni?" Ó ní, "Èmi ò sọnù. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé kúrò."

Àwa tá a bí sí Jos, a ní àṣìṣe kan tá a jọ máa ń ṣe. Àwọn adágún omi ńlá tó wà káàkiri ìlú, a rò pé Ọlọ́run ló dá wọn. Ibẹ̀ la ti ń ya fọ́tò. Ní kíláàsì wa, wọ́n ní ká ya àwòrán ohun tí Ọlọ́run dá, mo ya adágún tó wà nítòsí wa, mo kùn ún ní búlúù, mo gbé e délé pẹ̀lú ìyangàn. Bàbá yìn mí. Lẹ́yìn náà ló ṣí máàpù kan, ó ní kí n wá adágún náà síbẹ̀. Mo wá a, n kò rí i. Ìlà oko ni mo rí. Ó ṣàlàyé fún mi pé àwọn awakùsà ló gbẹ́ ibẹ̀, wọ́n kó kùsà lọ, òjò wá kún inú ihò tí wọ́n fi sílẹ̀. Mo fẹ́ sunkún nítorí àwòrán mi. Ó fọwọ́ pa mí lórí. "Òkè ni Ọlọ́run dá, Títí. Ihò yìí, èèyàn ló gbẹ́ ẹ, oko èèyàn ni wọ́n sì gbẹ́ ẹ sí."

Òun náà ti ṣe àṣìṣe tirẹ̀ rí, ó sì tóbi ju tèmi lọ. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ ṣe àjọ̀dún, òun ni wọ́n ní kó kọ ìtàn ìjọ. Ó wo máàpù, ó rí i pé ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì wà funfun báláú, kò sí ilé, kò sí oko. Ó kọ ọ́ pé orí ilẹ̀ òfìfo ni àwọn baba wa kọ́ ilé Ọlọ́run sí. Inú àwọn ọmọ Yorùbá dùn dé ìdí. Ní Jos, ọ̀rọ̀ ta ló kọ́kọ́ dé kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn nítorí rẹ̀. Nígbà tó yá, tó fi èyí wé àwọn máàpù mìíràn, ó wá yé e pé ibi tí kò bá ti sí kùsà, àwọn tó ya máàpù yẹn kì í ya nǹkan kan síbẹ̀. Ó dìde láàárín ìsìn, ó ní irọ́ lòun kọ, kí ìjọ forí ji òun. Alága ìgbìmọ̀ ń fa aṣọ rẹ̀ pé kó jókòó. Kò jókòó. Ó ní, "Ibi tó funfun lórí máàpù kì í ṣe ibi tí kò séèyàn. Ibi tí ẹni tó yà á kò ti béèrè ni."

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé wa.

Ilẹ̀ tí bàbá rà ní Zawan gùn lọ sẹ́yìn dáadáa. Iwájú ló kọ́lé sí. Ẹ̀yìn, níbi tí ọrọ́ hù yíká, ó ti fi í fún Ọ́ńkù Kọ́lá. Abuja ni Ọ́ńkù ti ń ṣiṣẹ́, ilé ayálégbé ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, ohun kan ṣoṣo tó sì ń fọkàn sí ni pé òun á kọ́lé síbẹ̀, òun á padà sílé. Wọ́n ti já bulọ́ọ̀kù. Birikilà ti wá wọn ilẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n kó ẹrù ọ̀rẹ́ bàbá kan tó ti kú wá fún un, bàbá sì rí máàpù kan nínú rẹ̀ tó dàgbà ju gbogbo èyí tó ní lọ. Ó tẹ́ ẹ, ó wá òkè Zawan, ó wá odò, ó wá ibi tí ilé wa wà. Lẹ́yìn ilé wa, wọ́n ya òbíríkítí kéékèèké, àmì ilé Bẹ́rọ̀m nìyẹn. Wọ́n tún ya àmì sàréè sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ìlà ọgbà tó yí gbogbo rẹ̀ ká, òun ni ọrọ́ tá à ń rí láti fèrèsé kíṣìnì.

Ohun tó dùn ún jù nìyẹn. Ọrọ́ tí bàbá ń rin ìrìn àjò lọ wá ní abúlé onílé, òun nìyí tó ń wo tiẹ̀ láràárọ̀ tí kò bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tó ta ilẹ̀ fún un ní torí ewúrẹ́ ni wọ́n ṣe gbìn ín. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ilẹ̀ tó ń rà kì í béèrè púpọ̀.

Ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ sọ́dọ̀ Ngo Kaneng. Ìyá Bẹ́rọ̀m kan ni, aládùúgbò wa, Ngo sì dà bí ìgbà tá a bá ń pe ènìyàn ní Ìyá. Wọ́n ti ń kí ara wọn láti ìgbà tí irun àwọn méjèèjì ṣì dúdú. Bàbá fi máàpù sínú ọ̀pá, ó gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó béèrè ní Hausa pé ta ló gbé ẹ̀yìn ilé wa tẹ́lẹ̀. Ìyá náà dá a lóhùn. Ó ní ilé ìyá ìyá òun ni. Àwọn awakùsà ló ní kí wọ́n kó kúrò, ilé wó, àwọn òkú wọn kù sílẹ̀ láàárín ọrọ́. Ẹni tó ta ilẹ̀ náà kì í ṣe ará ilé wọn rárá. Bàbá ní, kí ló dé tí kò sọ ọ́ ní gbogbo ọdún yìí? Ngo Kaneng wo ọ̀pá máàpù, ó wo bàbá. "Kuna da takarda," ó ní. Ẹ̀yin lẹ ní ìwé.

Ìgbà yẹn ni bàbá tó tú máàpù yẹn jáde, ó tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀.

Ó ránṣẹ́ sí Ọ́ńkù Kọ́lá, Ọ́ńkù sì wá. Nínú pálọ̀ ni gbogbo wa wà, èmi, màmá mi tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Ọ́ńkù, àti Ìyá àgbà. Ọ́ńkù gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ rà á ni, ẹ ò jí i."

"Ọwọ́ ẹni tí kò ni í ni mo ti rà á."

"Toh. Ẹ ká máàpù yẹn, ẹ gbé e pamọ́. Kò sí irú ẹ̀ níbòmíì. Kò sẹ́ni tó rí i."

"Èmi rí i, Kọ́lá."

Ọ́ńkù dìde. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Èmi wá ńkọ́? Tí mo bá dé Èkìtì, ará Jos ni wọ́n ń pè mí. Níbí tí wọ́n bí mi sí, wọ́n ní kí n máa lọ sí Èkìtì. Ilẹ̀ kan ṣoṣo tí mo lè nàka sí pé tèmi ni nìyẹn. Bàbá, ibo lẹ fẹ́ kí n lọ?"

Bàbá sunkún. N kò rí i kó sunkún rí. Ó ní kí Ọ́ńkù jẹ́ kí àwọn kọ ìwé ilé iwájú sí orúkọ rẹ̀, kó di tirẹ̀ lẹ́yìn òun. Ọ́ńkù ní òun ò lè máa retí ikú bàbá òun kí òun tó nílé. "Mo mọ ohun tí mo gbà lọ́wọ́ ẹ," bàbá wí. "Ìwọ tó o mọ bó ṣe ń dun èèyàn tí wọ́n bá ní kì í ṣe onílẹ̀, ìwọ ni kò yẹ kí n fi ilẹ̀ onílẹ̀ fún."

Ó ṣe é lójú gbogbo ayé. Ó pe mai angwa, olórí àdúgbò wa, ó pe Ngo Kaneng àti àwọn ọmọ rẹ̀, ó fa ilẹ̀ lé wọn lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n mọ ògiri ọgbà wa wá sẹ́yìn kíṣìnì gan-an. Wọ́n kó bulọ́ọ̀kù Ọ́ńkù lọ. Àwọn kan ládùúgbò sọ pé arúgbó ń ṣèrànrán. Àwọn ọmọ Yorùbá kan sọ pé ó ta wá. Ngo Kaneng kò jẹ́ kí wọ́n kọ́lé síbẹ̀; ó ní kí wọ́n gbin pọ̀tétò sí etí ilẹ̀ náà, níbi tó jìnnà sí àwọn òkú. Tí wọ́n bá hú u, apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́, ilé wa ló ń wá.

Ọ́ńkù kò tẹ ilé náà mọ́. Tó bá wá sí Jos, ilé màmá mi nígboro ló ń dé sí, a ó sì máa gbé Ìyá àgbà lọ bá a níbẹ̀. Màmá mi se pọ̀tétò fún un lẹ́ẹ̀kan, ó bi í pé níbo ni wọ́n ti rí i. Nígbà tó gbọ́, ó ti àwo sẹ́yìn, ó ní ebi ò pa òun. Irọ́ ni, ebi ń pa á. Mo gbóríyìn fún bàbá mi àgbà títí dòní, kò sí ẹni tí mo mọ̀ tó lè ṣe ohun tó ṣe. Ṣùgbọ́n Ọ́ńkù náà ń ṣe mí láàánú. Òdodo tí bàbá ṣe dára, àmọ́ Ọ́ńkù ló san owó rẹ̀.

Ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, bí fóònù ẹnikẹ́ni bá dún nínú ilé, bàbá á ní, "Ṣé Kọ́lá ni?" A ó ní rárá. Á ní kò burú. Ọ́ńkù ló ń ra oògùn ránṣẹ́, oògùn tó wọ́n ni, ṣùgbọ́n kò pè é. Nígbà tí ara bàbá wá le gan-an, màmá mi fi igbe bọ ẹnu lórí fóònù, Ọ́ńkù sì gbéra láti Abuja. Ó ti kọjá Akwanga lójú ọ̀nà Jos nígbà tí bàbá dákẹ́. Ìgbà tó dé, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, kò sunkún.

Bàbá ti sọ pé kí wọ́n má gbé òun lọ sí Èkìtì, Zawan ni kí wọ́n sin òun sí. Ibi tí wọn ó sin ín sí gan-an ló wá di ìṣòro. Iwájú ilé ti há. Kànga wà lápá kan, sìmẹ́ńtì ló sì bo ìyókù. Ibi tá a ti ń rò ó ni Ngo Kaneng ti wọlé, àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó kí Ìyá àgbà, ó jókòó tì í. Ó ní, "Ku kai shi baya, wurin mutanena." Ẹ gbé e lọ sẹ́yìn, sọ́dọ̀ àwọn èèyàn mi. Ó ní bàbá ló dá àwọn òkú àwọn padà fún àwọn, kó wá sùn tì wọ́n. Ìyá àgbà dì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì ń sunkún. Màmá mi kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́. Gbogbo wa gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán.

"A'a, Mama," ẹnì kan wí, pé rárá. Ọ́ńkù Kọ́lá ni. Ó ti dìde lórí àtẹ̀gùn, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Mun gode. A dúpẹ́ o. Ṣùgbọ́n a ò ní í sin ín síbẹ̀."

Ìyá àgbà pariwo orúkọ rẹ̀. Mo rò pé ìjà náà ló tún gbé dé ibi òkú. Ọ́ńkù bẹ̀rẹ̀ sí í fi Hausa ṣàlàyé fún Ngo Kaneng, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. Ó ní nílẹ̀ àwa Yorùbá, ibi tí sàréè bàbá èèyàn bá wà, ibẹ̀ ni ilé rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè lé e kúrò níbẹ̀. Ó ní bí àwọn bá sin bàbá sẹ́yìn, òun ò ní í ṣe nǹkan kan, ọmọ òun náà lè máà ṣe nǹkan kan. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ ọmọ mi á tọ́ka sí sàréè yẹn, á ní, bàbá wa nìyí, ilẹ̀ wa nìyí. Ẹ̀yin ò ní í sí níbẹ̀ láti dá a lóhùn, Mama. Èmi náà ò ní í sí níbẹ̀." Ó yíjú sí wa. "Iwájú la máa sin ín sí. A ó fọ́ sìmẹ́ńtì. Bó bá há, kó há. Tiwa ni."

Ngo Kaneng dìde díẹ̀díẹ̀, ó rìn lọ bá a, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì yíjú sí Ìyá àgbà.

"Kai," ó ní, "ɗansa ne." Ọmọ bàbá rẹ̀ ni lóòótọ́.

Ìgbà yẹn ni Ọ́ńkù Kọ́lá tó bú sẹ́kún, tó ń pe bàbá rẹ̀ tí kò tíì pè láti ọjọ́ ìjà.